Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta: Ìwé Kíkà Ló Kọ́kọ́ Pa Wọ́n Pọ̀

Ní Abẹ́òkúta, láyé ìjọba òyìnbó, ọmọbìnrin máa ń san owó orí ṣáájú ọmọkùnrin. Bí ọmọbìnrin bá ti pé ọdún 15, ìjọba ti kà á mọ́ àwọn tó gbọ́dọ̀ dáwó. Ọmọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì ní ọdún kan sí i láti fi gbádùn. Bí obìnrin bá wọ ilé ọkọ, ọkọ á san tirẹ̀, ìyàwó náà á san tirẹ̀ lọ́tọ̀, ì báà rí tajé ṣe, ì báà má rí. Nígbà tí owó orí yìí bẹ̀rẹ̀ ní 1918, ṣílè márùn-ún ni ọkùnrin ń san, ṣílè méjì àti sísì ni ti obìnrin. Ẹ̀sùn tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá kà sílẹ̀ nígbà tó yá fi hàn pé owó nìkan kọ́ ló dùn wọ́n. Àwọn agbowó-orí a máa já wọ ilé, wọn a máa lé obìnrin kiri ọjà, wọn a sì máa tú aṣọ lára ọmọbìnrin láti wo ọmú rẹ̀ bóyá ó ti tó ẹni tí ń san owó orí. Ọmọ ẹni ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí lójú ìyá rẹ̀.

Ẹgbẹ́ tí mo fẹ́ sọ ìtàn ìdásílẹ̀ rẹ̀ ló gba ìyà yìí kúrò lọ́rùn wọn. Ọ̀pọ̀ tó ń pa ìtàn náà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin jókòó sí ẹnu ọ̀nà ààfin Aké, wọn a sì fi ìtàn náà sílẹ̀ níbi tí ọba ti kúrò nílùú. Òótọ́ ni pé ibẹ̀ ló gbóná jù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ẹgbẹ́ náà ti rí agbára gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yà sí kíláàsì kan ní 1944, níbi tí àwọn ìyá ọlọ́jà ti jókòó tí wọ́n ń kọ́ a, b, d. Inú kíláàsì yẹn ni àwọn obìnrin tó kàwé ti gbọ́ ohun tí ojú àwọn obìnrin ọjà ń rí. Ohun tí wọ́n gbọ́ kò sì jẹ́ kí wọ́n lè jókòó pẹ̀sẹ̀ mọ́.

Kí a tó dé inú kíláàsì yẹn, ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀yìn díẹ̀. Láti ìgbà tí Ṣódẹkẹ́, olórí wọn, ti kó àwọn Ẹ̀gbá dé abẹ́ àpáta Olúmọ ní 1830, òwò obìnrin wà lára ohun tó gbé ìlú náà ró. Ẹfúnróyè Tinúubú, oníṣòwò tí òkìkí rẹ̀ kan láti Èkó dé Àgbádárìgì, wá ìbọn àti ẹ̀tù fún àwọn jagunjagun Ẹ̀gbá nígbà tí Dàhòmì gbógun dé. Ní 1864 wọ́n fi í jẹ Ìyálóde gbogbo Ẹ̀gbá. Ìyálóde kì í ṣe oyè lásán nígbà náà: ohùn àwọn obìnrin nínú ìgbìmọ̀ ìlú ni. Nígbà tó di 1914, tí àwọn òyìnbó fagi lé òmìnira tí wọ́n ti fi àdéhùn 1893 gbà fún Ẹ̀gbá, ọ̀nà tí wọ́n gbà ń ṣèjọba yí padà. Wọ́n kó gbogbo àṣẹ ìbílẹ̀ sọ́wọ́ Alákè, ọba Ẹ̀gbá, nìkan ṣoṣo, àjẹ́lẹ̀ òyìnbó sì dúró sẹ́yìn rẹ̀. Oyè àwọn obìnrin kò parẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò jókòó mọ́ níbi tí wọ́n ti ń dá owó lé ara ìlú.

Ogun Adùbí bẹ́ sílẹ̀ ní 1918 nítorí owó orí àti iṣẹ́ ọ̀ranyàn. Ìjọba kó ṣọ́jà wá, wọ́n tẹ ogun náà rì, owó orí sì dúró. Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì gorí oyè Alákè ní 1920. Ní àárín àwọn ọdún 1930, àṣẹ jáde pé àwọn aláàdìrẹ kò gbọdọ̀ lo sódà àti aró òyìnbó mọ́. Àwọn aláró fárí gá, títí ìjọba fi gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde ní 1936. Ẹni tó bá mọ ohun tí àdìrẹ jẹ́ fún àwọn obìnrin Ìtòkú á mọ̀ pé oúnjẹ òòjọ́ ni wọ́n fọwọ́ kàn yẹn.

Fúnmiláyọ̀ Thomas, ẹni tó wá di ìyá ẹgbẹ́ náà, ni wọ́n bí ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá, 1900. Ó wà lára àwọn ọmọbìnrin tó kọ́kọ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ Abẹ́òkúta Grammar School ní 1914. Ó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1919, ó sì padà wálé ní 1922. Frances Abigail ni wọ́n sọ ọ́ níbi ìrìbọmi. Nígbà tó dé láti òkè òkun, ó pa àwọn orúkọ náà tì, Fúnmiláyọ̀ ló ń jẹ́. Ní 1925 ó fẹ́ Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kútì, ọ̀gá ilé ìwé ní Ìjẹ̀bú-Òde nígbà náà, ẹni tó wá jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Nàìjíríà fún ọdún tó lé ní ogún. Ní 1932 tọkọtaya náà padà sí Abẹ́òkúta, ọkọ di ọ̀gá àgbà Grammar School, ìyàwó sì dá kíláàsì àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ sílẹ̀ nígbà tí irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n ní Nàìjíríà.

Ìgbà yẹn náà ló kó àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Abẹ́òkúta Ladies' Club. Ìyàwó àlùfáà, ìyàwó tíṣà, obìnrin tó jẹ́ tíṣà fúnra rẹ̀: irú àwọn bẹ́ẹ̀ ló pọ̀ níbẹ̀, Kristẹni sì ni wọ́n. Wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́, wọ́n ń kọ́ oúnjẹ òyìnbó sísè, wọ́n ń ran àwọn aláìní lọ́wọ́, wọ́n ń gba àwọn ọ̀dọ́ níyànjú. Àwọn kan máa ń fojú tín-ínrín wo ìpele yìí, wọ́n á ní ẹgbẹ́ àwọn ìyáàfin tó ń jẹ kéèkì ni. Mi ò gbà pẹ̀lú wọn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ bí a ti ń pe ìpàdé kó bẹ̀rẹ̀ lásìkò, bí a ti ń kọ àkọsílẹ̀ ohun tí a sọ, bí a ti ń dá owó ẹgbẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò sì ní jẹ ẹ́. Ẹgbẹ́ tí kò bá mọ owó ara rẹ̀ ṣírò kò lè ní kí ọba wá ṣírò tirẹ̀. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú ẹgbẹ́ ìgbà yẹn ni pé àwọn tó pọ̀ jù nínú obìnrin Abẹ́òkúta kò sí níbẹ̀: alágbo, elélùbọ́, aláàdìrẹ, onígàrí, alátẹ ẹja ní Láfẹ́ńwá.

Ní 1944, ìyá ọlọ́jà kan ní òun fẹ́ mọ ìwé kà. Ohun tó béèrè kò ju ìyẹn lọ. Fúnmiláyọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbà, wọ́n ṣí kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà fún àwọn obìnrin ọjà, èrò sì ń wọ́ wá. Wọlé Ṣóyínká, tó jẹ́ ọmọdékùnrin nígbà náà, wà lára àwọn tí wọ́n fi ṣe olùkọ́ kéékèèké fún àwọn ìyá wọ̀nyí. Ó sọ nípa rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀, Aké. Ẹniọlá, ìyá Ṣóyínká, wà lára àwọn òpó ẹgbẹ́ náà. Òun fúnra rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, nítorí náà ó mọ ohun tí ìtajà jẹ́, ó sì jẹ́ ọmọ ilé Ransome-Kútì. Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ lè fi ẹsẹ̀ kan wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, kí ó fi ìkejì wà lọ́jà.

Bí ènìyàn bá kọ́ àgbàlagbà níwèé, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ń jáde ní kíláàsì yìí ni ọ̀rọ̀ ìrẹsì. Ogun àgbáyé kejì ń lọ lọ́wọ́. Àwọn ará Japan ti gba Bọ́mà, ìrẹsì tí ọkọ̀ ojú omi ń gbé wá láti ìhà ibẹ̀ sì dáwọ́ dúró. Ìjọba wá kọjú sí ìrẹsì ilẹ̀ wa, èyí tí wọ́n ń gbìn ní Òfadà àti agbègbè rẹ̀. Wọ́n dá iye tí wọn yóò fi rà á lé e, wọ́n sì dá iye àpò tí wọ́n fẹ́ lé àwọn ará ìlú. Bí àwọn akódà bá pàdé obìnrin tó ru ìrẹsì lọ́nà, wọ́n á gbẹ́sẹ̀ lé e: nígbà mìíràn wọ́n á fún un ní owó tí kò tó iye tó fi rà á, nígbà mìíràn wọn kò ní fún un ní kọ́bọ̀. Àwọn obìnrin Èkó náà ń fojú winá irú èyí lábẹ́ òfin iye ọjà tí òyìnbó kan tó ń jẹ́ Pullen ń bójú tó, Àlímótù Pẹlẹ́wùrà, olórí àwọn ọlọ́jà ní Èrékò, sì dojú kọ ọ́ láìwo ẹ̀yìn.

Àwọn ìyáàfin Ladies' Club kọ́kọ́ gba ọ̀nà pẹ̀lẹ́. Wọ́n tọ àjẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n kọ̀wé, wọ́n ṣàlàyé. Nígbà tí etí kò gbọ́ wọn, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lé àwọn oníwèé ìròyìn lọ́wọ́ ní 1945. Láìpẹ́ sí ìgbà tí ìròyìn náà jáde, gbígbẹ́sẹ̀ lé ìrẹsì dáwọ́ dúró. Ó dá mi lójú pé ọjọ́ yẹn ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìyáàfin àti ìyá ọlọ́jà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Ìyá ọlọ́jà rí i pé ẹni tó mọ gègé dì mú lè gba àpò ìrẹsì òun padà. Ìyáàfin sì rí i pé iṣẹ́ àánú tí òun ti ń ṣe láti ọdún yìí wá kò tíì kan ibi tí bàtà ti ń ta ìlú lẹ́sẹ̀.

Ní 1946 wọ́n pa orúkọ àtijọ́ tì. Ẹgbẹ́ náà di Abẹ́òkúta Women's Union, Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ṣí fún gbogbo obìnrin: ẹni tó kàwé àti ẹni tí kò kà, Mùsùlùmí, Kristẹni àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀. Àkọmọ̀nà tí wọ́n fi ṣe ọ̀pá ìdíwọ̀n ara wọn ni ìṣọ̀kan, ìfọwọ́sowọ́pọ̀, ìfara-ẹni-jìn àti ìjọba tí tẹrú-tọmọ ní ohùn nínú rẹ̀. Fúnmiláyọ̀ ni ààrẹ. Ó bọ́ gáùn, ìró àti bùbá ló ń wọ̀ jáde, kí obìnrin ọjà tó bá rí i lè rí ara rẹ̀. Yorùbá ló sì ń sọ nípàdé, àní níwájú àwọn òyìnbó. Ògbufọ̀ ni òyìnbó yóò wá. Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ dáadáa ju ti ọ̀pọ̀ akọ̀wé ìjọba lọ kò ní iṣẹ́ níbẹ̀ bí ìyá ọlọ́jà tó jókòó ti í kò bá ní gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.

Bí ẹgbẹ́ náà ti gbòòrò tó, a lè fojú inú wò ó láti inú iye tí wọ́n ń sọ: àwọn tó ń san owó ẹgbẹ́ tó 20,000, àwọn tó sì ń tẹ̀ lé wọn láìsan owó pọ̀ ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po mélòó kan. Ìpàdé ńlá a máa wáyé nínú ọgbà ilé Ransome-Kútì. Ohun tó so irú èrò bẹ́ẹ̀ pọ̀ ni pé ọjà kọ̀ọ̀kan ti ní ètò tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, olúkúlùkù ọjà ní olórí, oníṣòwò ọjà kọ̀ọ̀kan náà sì ní ìyá ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ Obìnrin kò dá ètò tuntun sílẹ̀ lórí wọn. Ó kó àwọn tó ti wà wá sábẹ́ igi kan. Bí ìpinnu bá wáyé lálẹ́, kí ilẹ̀ tó mọ́ ó ti dé ọjà gbogbo.

Owó orí ni wọ́n kọjú sí. Ohun tí wọ́n ń sọ ṣe tààrà: a kò ní san owó fún ìjọba tí a kò ní ẹnì kan tó ń sọ̀rọ̀ fún wa nínú rẹ̀. Wọ́n lọ bá Alákè ní 1946 nígbà tí ìjọba fẹ́ fi kún owó náà. Wọ́n kọ̀wé ẹ̀bẹ̀, wọ́n tún kọ. Wọ́n gba ẹni tó mọ̀ nípa ìṣirò owó láti yẹ ìwé owó ìjọba ìbílẹ̀ wò, wọ́n sì béèrè ohun tí wọ́n fi owó orí obìnrin ṣe. Ìbéèrè yìí ló bá ìjọba lójijì. Ìjọba ti múra sílẹ̀ de igbe àti orin, kò múra sílẹ̀ de obìnrin tó mú ìwé ìṣirò dání tó ń béèrè pé omi ẹ̀rọ wa dà, ilé ìwòsàn wa dà, ilé ìwé àwọn ọmọ wa dà. Fúnmiláyọ̀ fúnra rẹ̀ kọ̀ láti san owó orí tirẹ̀, wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́ ní 1947, wọ́n sì bu owó ìtanràn lé e.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ jáde sígboro, ìjọba kò fún wọn níwèé àṣẹ. Wọ́n ní ó dára, àwọn kò ṣe ìwọ́de mọ́, àwọn ń lọ ṣe fàájì ni, àwọn ń lọ ṣọdún. Ta ni yóò ní kí obìnrin má ṣọdún? Kí wọ́n tó jáde, Fúnmiláyọ̀ á ti kọ́ wọn bí ènìyàn ti í ṣe bí ọlọ́pàá bá ju tajútajú: kí wọ́n fi aṣọ bo ojú, imú àti ẹnu, kí wọ́n gbé agolo náà nílẹ̀ kíá, kí wọ́n sì jù ú padà síbi tó ti wá. Wọ́n ń ṣe ìdánrawò rẹ̀ nínú ọgbà. Mo máa ń ronú kan àwọn ìyá àgbà tó wà láàárín wọn, tí wọ́n ti ń kiri ọjà láti kékeré, tí wọ́n wá dúró ní ìlà bí ọmọ ilé ìwé, tí wọ́n ń kọ́ bí a ti ń ju agolo sí ọlọ́pàá.

Ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá, 1947 ni wọ́n kọ́kọ́ dó ti ààfin. Obìnrin tó lé ní 10,000 jókòó sí ẹnu ọ̀nà Aké mọ́jú. Orin ni wọ́n ń kọ, orin tó ń bú ọba àti owó orí, irú orin tí obìnrin Yorùbá mọ̀ ọ́n fi wọ ènìyàn láṣọ ìtìjú láìfọwọ́ kàn án. Alákè ṣèlérí pé òun yóò gbé ọ̀rọ̀ wọn yẹ̀ wò, wọ́n sì tú ká. Ṣùgbọ́n gbígbá obìnrin mú lórí owó orí kò dáwọ́ dúró. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá, wọ́n tún padà, wọ́n sì ní àwọn kò ní kúrò níbẹ̀ àfi bí wọ́n bá dá àwọn tó wà látìmọ́lé sílẹ̀. Oúnjẹ, omi, ẹní, ọmọ lẹ́yìn, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n gbé dání. Wọ́n sùn síta nínú ọyẹ́. Ní ọjọ́ 10, wọ́n tú àwọn obìnrin náà sílẹ̀.

Láàárín rògbòdìyàn yẹn, òyìnbó àjẹ́lẹ̀ kan pàṣẹ fún Fúnmiláyọ̀ pé kó pa àwọn obìnrin rẹ̀ lẹ́nu mọ́. Ohun tí ó fi dá a lóhùn kárí ìlú: ó bi í léèrè bóyá bó ṣe ń bá ìyá tó bí i sọ̀rọ̀ nìyẹn, ó sì sọ fún un pé wọ́n bí i ni, wọn kò kọ́ ọ. Nínú ìlú tí ọ̀rọ̀ òyìnbó ti jẹ́ àṣẹ, kí obìnrin wo ojú òyìnbó kó sọ fún un pé kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé, ọ̀rọ̀ ńlá ni.

Àwọn ọkùnrin kan gbìyànjú láti fi Orò lé wọn. Gbogbo Yorùbá ló mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí: bí Orò bá ké, obìnrin á wọlé, á ti ilẹ̀kùn. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé Fúnmiláyọ̀ gba ọ̀pá Orò lọ́wọ́ wọn, ó gbé e lọ sílé, ó sì gbé e síbi tí gbogbo ayé ti lè rí i. Àwọn kan ṣì ń bínú sí i lórí ìyẹn títí dòní, mo sì gbà pé ohun tó wúwo ni fún ẹni tó bọ̀wọ̀ fún àṣà. Ṣùgbọ́n àwọn tó gbé Orò jáde láti fi gba owó orí lọ́wọ́ ìyá wọn ló kọ́kọ́ tàbùkù Orò.

Kì í ṣe gbogbo ọkùnrin ló dúró sí ìhà kejì. Ẹgbẹ́ Májẹ̀ẹ́óbàjẹ́, ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin tó fẹ́ àtúnṣe ìlú, ti àwọn obìnrin lẹ́yìn. Olúdọ̀tun Ransome-Kútì, ọkọ ààrẹ, kò fi ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ nígbà kankan, bẹ́ẹ̀ inú ilé rẹ̀ ni gbogbo èrò náà ń wọ́ wá. Nígbà tó yá àwọn Ògbóni pẹ̀lú kọ ẹ̀yìn sí ọba, ọ̀rọ̀ náà sì kúrò ní ọ̀rọ̀ obìnrin nìkan.

Ní 1948, owó orí obìnrin dáwọ́ dúró. Ìjọba tí gbogbo àṣẹ wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo wá sópin, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ fìdíhẹ kalẹ̀, obìnrin mẹ́rin sì jókòó nínú rẹ̀, Fúnmiláyọ̀ sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ní oṣù Keje ọdún yẹn, Alákè fi Abẹ́òkúta sílẹ̀ lọ sí Òṣogbo. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1949 ó fi orí ìtẹ́ sílẹ̀. Ó padà wá ní ìparí 1950, ó sì wà lórí oyè títí tó fi wàjà ní 1962. Ó yẹ kí a sọ ti ọba náà pẹ̀lú òdodo. Òyìnbó ló fi òfin tirẹ̀ sọ ọba di agbowó-orí, tó gba ìgbìmọ̀ tó lè bá a wí kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó sì fi í síwájú nígbà tí ìbínú ìlú ru. Ẹgbẹ́ Obìnrin mọ èyí. Ní 1947, ṣáájú ìdótì yẹn, Fúnmiláyọ̀ bá àwọn aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, òun nìkan sì ni obìnrin láàárín wọn. Níbẹ̀ ló ti kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Daily Worker pé ìjọba òyìnbó ló ba ipò obìnrin Nàìjíríà jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà bí ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú nílé, ṣùgbọ́n kò gbé e mì.

Ohun tí ẹgbẹ́ náà ṣe lẹ́yìn ìjà kì í sábà wọ ìtàn, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí òǹkàwé dúró sí díẹ̀. Kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà kò tú ká. Ó ń lọ. Wọ́n dá ilé ìtọ́jú aboyún àti ọmọ wẹ́wẹ́ sílẹ̀. Wọ́n dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ fún àwọn ahunṣọ, kí wọ́n lè jọ ra òwú, kí wọ́n sì jọ ta aṣọ. Bí ènìyàn bá gbé àwọn iṣẹ́ yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ìjọba, yóò rí i pé ọ̀kan náà ni. Wọ́n ti bi ìjọba pé owó wa dà, ilé ìwòsàn wa dà. Nígbà tí ìjọba ń fà á, wọ́n fi owó ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ èyí tí agbára wọ́n ká. Obìnrin tó bímọ sí ilé ìtọ́jú yẹn kò lè pín ẹgbẹ́ náà sí méjì, kó ní apá kan ń ṣàánú, apá kan ń jà.

Nígbà tó di 1949, ẹgbẹ́ náà tóbi ju Abẹ́òkúta lọ. Ó di Nigerian Women's Union, ó sì ní ẹ̀ka ní àwọn ìlú kan ní ìlà-oòrùn àti àríwá. Margaret Ekpo ti Aba jẹ́ alábàáṣiṣẹ́pọ̀ Fúnmiláyọ̀. Gambo Sawaba, ẹni tí ọgbà ẹ̀wọ̀n wá di ilé fún nítorí ẹ̀tọ́ àwọn obìnrin àríwá, rin ìrìn àjò wá sí Abẹ́òkúta láti wá kọ́ ọgbọ́n lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní 1953 àwọn aṣojú ẹgbẹ́ obìnrin láti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹkùn Nàìjíríà péjọ sí Abẹ́òkúta láti dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò kó gbogbo ẹgbẹ́ obìnrin pọ̀, ẹ̀tọ́ ìdìbò fún obìnrin sì wà lára ohun tí wọ́n ń béèrè. Àwọn obìnrin gúúsù rí ẹ̀tọ́ náà gbà láàárín àwọn ọdún 1950. Àwọn ti àríwá ní láti dúró títí di 1976.

Bí ẹgbẹ́ ti ń tóbi, bẹ́ẹ̀ ni ìṣèlú ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹgbẹ́ òṣèlú kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ kí obìnrin jẹ́ tirẹ̀. Fúnmiláyọ̀ lọ sí ilẹ̀ Ṣáínà ní 1956, ní 1957 ìjọba kò sì tún ìwé ìrìnnà rẹ̀ ṣe mọ́. Ó bá NCNC ṣe títí di 1959, wọ́n sì yọ ọ́. Ní àkókò yẹn náà ni àjọ obìnrin mìíràn dìde ní Ìbàdàn, National Council of Women's Societies, tó ní òun kò ní bá òṣèlú ṣe. Ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́ ni Kòfówórọlá Adémọ́lá, obìnrin dúdú àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tó gboyè ní Oxford, ìyàwó Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá, ọmọ Alákè kan náà tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá dó ti ààfin rẹ̀. Àjọ ti Ìbàdàn ló tọ́jọ́, iṣẹ́ rere ló sì ti ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ìjọba fẹ́ràn ló gbà, ohun tí kíláàsì 1944 bí ní Abẹ́òkúta kò sì sí nínú rẹ̀: ìyá ọlọ́jà tó ń jókòó níbi tí wọ́n ti ń ṣèpinnu.

Ìyá ẹgbẹ́ náà kú ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin, 1978, lẹ́yìn ohun tí àwọn ṣọ́jà ṣe sí i ní ilé Fẹlá, ọmọ rẹ̀, ní oṣù Kejì 1977, nígbà tí wọ́n jù ú láti ojú fèrèsé. Ilé Ransome-Kútì ní Abẹ́òkúta ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé báyìí, orúkọ Fúnmiláyọ̀ sì wà nínú ìwé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni orúkọ àwọn yòókù. Ìyá ọlọ́jà tó ní kí wọ́n kọ́ òun níwèé ní 1944 kò ní orúkọ nínú ìtàn tó wà lọ́wọ́ wa. Àwọn tó sùn síta ní Aké ní oṣù Kejìlá 1947, àwọn tí wọ́n tì mọ́lé tí ìyókù fi kọ̀ tí wọn kò kúrò, ọmọ ọmọ wọn ṣì wà ní Ìtòkú, ní Láfẹ́ńwá, ní Ìjẹmọ̀. Nínú àpótí ìyá àgbà kan níbẹ̀, ìwé owó orí lè wà, káàdì ẹgbẹ́ lè wà, ìwé ABD tí ó fi kọ́ ìwé lè wà. Kí àwọn tó ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nílé gbé e jáde, kí àwọn olùkọ́ ìtàn ní Abẹ́òkúta rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà tó kù, kí wọ́n sì kọ orúkọ wọ̀nyẹn sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nísinsìnyí tí ẹni tó lè pè wọ́n ṣì wà láàyè.